Kúmbíà Lára Ògiri Ilé Ìdáná

Ara ògiri ilé ìdáná ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin tí wọ́n ń pè ní kúmbíà. Ilé kọnkéré àtijọ́ kan lẹ́bàá adágún Southmere, ní Thamesmead, ni mò ń gbé nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọn kò tíì wó. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ẹni tó bá ti wa bọ́ọ̀sì láti ìdájí kì í fẹ́ gbọ́ ohunkóhun mọ́ bó bá délé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gbé kẹ́túlù kaná, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo wá rí i pé ìlù kan ń kàn mí léjìká.

Kò le, kò sì pariwo. Ìlù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣe ju ohun kan ṣoṣo lọ. Á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Àwọn ìlù yòókù ń ṣeré, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ṣùgbọ́n eléyìí kò dá sí wọn. Lẹ́yìn náà ni fèrè kan gun orí gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bíi ti ẹni tó sunkún tán tó wá fẹ́ sọ̀rọ̀. Kẹ́túlù ti pa ara rẹ̀ tipẹ́ kí n tó rántí tíì.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé tèmi. Orin náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

"Sọ́rì, sọ́rì," ni wọ́n ń wí ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò pọ̀ lẹ́nu wọn. "Mo ti pa á. Mo ti pa á."

Wọ́n rò pé mo wá jà ni. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹni tó gbé fúláàtì mi ṣáájú mi máa ń fi igi ìgbálẹ̀ lu ògiri.

"Rárá o, Mummy," ni mo wí. "Ẹ tún un tàn, ẹ jọ̀ọ́."

Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi. Mo wá na ọwọ́ sókè, mo ń yí bọ́tìnì kan tí kò sí níbẹ̀, mo ń yí i kí ohùn lè lọ sókè. Mummy wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi apá aṣọ iṣẹ́ mi fà mí wọlé.

Bí mo ṣe rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, ohun tó sì ṣòro jù fún mi láti rí ní London nìyẹn. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Scotland; ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ní ilé míì tipẹ́tipẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì a máa ń dì mọ́ra, a máa ń béèrè àlàáfíà ara wa, ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti parí, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀. Níbi iṣẹ́, èrò á kún bọ́ọ̀sì mi láti Woolwich dé Thamesmead, gíláàsì á sì wà láàárín èmi àti wọn. Àkọlé kan tilẹ̀ wà lókè orí mi tó ní kí wọ́n má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Ìlú kékeré kan létíkun Kòlóńbíà ni Mummy ti wá. Iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni wọ́n ṣe, wọ́n ń tún ọ́fíìsì ṣe ní àárín London títí orúnkún wọn fi kọ̀. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí wà ní Spéènì. Wọ́n ń pè mí ní "mija", tí wọ́n ń pè bíi míhà, tó túmọ̀ sí ọmọ mi obìnrin. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń sinmi, Ọjọ́bọ̀ ló sì di ọjọ́ wa. Èmi á gbé dòdò lọ. Àwọn á dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tiwọn, wọ́n á fi àwo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á tún un dín. A ò fẹnu kò rí lórí èyí tó dáa jù.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa orin náà, torí kì í sábà sí ẹni tó ń jẹ́ kí n sọ ọ́ parí.

Etíkun yẹn, níbi tí odò ńlá tí wọ́n ń pè ní Magdalena ti ń wọ òkun, ni kúmbíà ti ṣẹ̀. Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: àwọn onílẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, àti àwọn Òyìnbó Spéènì tó kó wọn. Fèrè wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀, ìlù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, èdè àti aṣọ wá láti ọ̀dọ̀ Òyìnbó. Fèrè náà ń jẹ́ gáítà. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó fara jọ orọ́ ni wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ èédú lílọ̀ ni wọ́n fi mọ orí rẹ̀, ìdí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n sì fi ṣe ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Takọtabo ni wọ́n ń fọn ún. Abo ló ní ihò púpọ̀, òun ló ń kọ orin. Ihò akọ kò tó nǹkan, nítorí náà ọwọ́ kan tó ẹni tó ń fọn ún. Á fi ọwọ́ kejì mi ṣẹ́rẹ́. Ìlù mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé wọn: ìyá ìlù ńlá tí wọ́n ń fi igi lù, èyí tí wọ́n ń pè ní aláyọ̀, tó ń dárà bó ṣe wù ú, àti kékeré tó kàn mí léjìká lọ́jọ́sí. Orúkọ rẹ̀ lédè wọn túmọ̀ sí apeni.

Bí wọ́n bá ń jó o, obìnrin á gbé àbẹ́là tó ń jó lọ́wọ́, ọkùnrin á máa yí i ká, ẹsẹ̀ wọn kò ní fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní ìdí rẹ̀ ni pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ jó o. Mo ti wá ẹ̀rí èyí títí, n kò rí i, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe rìn. Àwọn olówó ìlú kọ́kọ́ ní orin ẹ̀yìnkùlé ni. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá gbé kàkàkí àti fèrè Òyìnbó sí i, wọ́n wọ kóòtù funfun, wọ́n sì ń lù ú ní òtẹ́ẹ̀lì fún àwọn olówó kan náà. Rẹ́kọ́ọ̀dù gbé e kọjá. Ní Pẹrú, gítà oníná gba iṣẹ́ fèrè; àwọn ẹgbẹ́ olórin hù jáde láàárín igbó, ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo, àwọn ará òkè tó ṣí wá sí olú ìlú sì fi ohùn arò tiwọn sí i. Ní Ajẹntínà, àwọn ọmọ àdúgbò tálákà gbé e sórí kíbọ́ọ̀dù. Ní Mẹ́síkò, àwọn tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn á gbé e sójú títì, wọ́n á máa ka orúkọ àwọn tó wá jó àti orúkọ àwọn ará ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ìlú kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù fà ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ẹnìkan ló gbóná jù tó ń falẹ̀, tí àwọn oníjó sì ní kó má tún un ṣe.

Mo máa ń kó gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ Mummy lórí fóònù mi, mo ń retí ìdájọ́. Èyí tó ń falẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ara ẹni yìí ò yá ni?" Ti Mẹ́síkò, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló máa jẹ́ ká gbọ́ ìlù?" Ti Pẹrú nìkan ni wọn kò bú. Wọ́n gbọ́ gítà náà tán, wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọn jọ tún ọ́fíìsì ṣe máa ń fi etí kan gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀gá bá ti lọ, olúkúlùkù wọn á sì búra pé ìlú òun ló ti ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń fọ àwo, wọ́n ń kun orin kan tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lórí àga. Orin gítà ilẹ̀ wa ni, èyí tí bàbá mi máa ń tàn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́nu wọn, kò sí èyí tó jọ èdè kankan, ṣùgbọ́n orin náà pé.

"Níbo lẹ ti gbọ́ ọ, Mummy?"

Wọ́n ní orin ìlú àwọn ni. Mo jiyàn. Wọ́n jiyàn. Ìgbà tí mo lọ wádìí ni mo tó mọ̀ pé àwọn awakọ̀ ojú omi ló ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Áfíríkà lọ sí etíkun yẹn. Àwọn tó ní àpótí gbohùngbohùn ńlá aláwọ̀ mèremère á rà á, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ìwé àárín rẹ̀ dànù kí ẹlòmíràn má baà mọ ohun tí ó jẹ́, wọ́n á sì fún un lórúkọ tó wù wọ́n. Orúkọ ajá kan ni àwọn ará àdúgbò Mummy ń pe orin bàbá mi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa.

Wọ́n fẹ́ kọ́ mi ní ìlù apeni, lórí tábìlì. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n ní ìjọ wa, bí orin bá ti ń gbóná, àtẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá fi kún un, a máa ń rò pé ẹ̀mí kò bà lé e. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ mi yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe méjì, ṣe mẹ́ta, mo ti ń fi orí jó. Mummy á di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Mija. Èyí nìkan."

"Kò ní sú ẹni tó ń lù ú ni?"

"Á sú u. Bó bá kúrò níbẹ̀, gbogbo àwọn tó kù á sọnù."

Níbi iṣẹ́, ní kántíìnì gáréèjì, n kò lè sọ irú nǹkan báyìí. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ń ṣàlàyé ìda oyin àti èédú fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa méjì tí a jọ ń wakọ̀.

"Sister Spanish!" ni ọ̀kan wí. "Ṣé wọ́n ti fún yín ní pásípọ́ọ̀tù wọn?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni èkejì wí, "wọ́n ń wá ọkọ tó ń wọ fìlà ńlá ni."

"Fìlà nìkan kọ́ o. Kó ní fúláàtì tí wọn ò ní wó."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ńkọ́? Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, á ní, "Mummy, ẹ tún ti ń ṣe é." Kò ní in ní ibi. Mo mọ̀ pé á gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, á máa ṣe nǹkan mìíràn, á máa wí pé "ẹn-ẹn". Nítorí náà ni mo ṣe ń tọ́jú gbogbo ohun tí mo bá kà tàbí gbọ́ láti Ọjọ́ Ẹtì dé Ọjọ́bọ̀, tí mo ń kó o lọ fún ìyá kan ṣoṣo tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ilé wa ń ṣófo díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ni ilé ń kó àwọn ènìyàn lọ sí àwọn ilé tuntun lódìkejì adágún, wọ́n sì ń fi irin dí ilẹ̀kùn àwọn tó ti lọ. Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo gbé dòdò, mo kanlẹ̀kùn, n kò gbọ́ nǹkan. Mo tún kàn án. Ọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa gbórí sókè láti ibi tó ti ń mu sìgá.

"Áńbúláǹsì ti gbé wọn lọ ní àárọ̀," ló wí.

Mo gba ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù lọ pẹ̀lú àwo dòdò lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó níbi tí àlejò ti ń béèrè ọ̀nà gbọ́ ohùn mi, ó sì yí èdè rẹ̀ padà.

"Ẹ káàsán, Auntie. Ta lẹ wá wò?"

"Mummy mi ni. Áńbúláǹsì ló gbé wọn wá láàárọ̀ yìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Kí lorúkọ wọn?"

Mo gbé àwo dòdò náà sórí tábìlì rẹ̀.

"Auntie?"

"Mummy ni mo máa ń pè wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa la ní Mummy, Auntie. Orúkọ tó wà nínú ìwé wọn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ orúkọ ìyá tó bí yín?"

"Àwọn kọ́ ló bí mi. Ará Kòlóńbíà ni wọ́n."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ó dáa. Ọjọ́ ìbí wọn ńkọ́?"

"Wọ́n jù mí lọ dáadáa."

Ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Yorùbá lòun náà, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Wọ́n jù mí lọ! Ẹ̀yin ará Thamesmead yìí, ẹ máa pa èèyàn."

"Uncle, ẹ dákẹ́ jàre." Ọmọbìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Auntie, ẹ má bínú. Bí mi ò bá ní orúkọ, kò síbi tí mo ti fẹ́ wá wọn. Ẹ kì í sì í ṣe mọ̀lẹ́bí."

Mo jókòó sórí àga kan níbẹ̀. Mo mọ ìlú tí wọ́n bí Mummy sí àti irú ẹja tó wà nínú odò rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń lu ìlù ńlá nínú ẹgbẹ́ olórin àdúgbò wọn, àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ahọ́n mi. Mo mọ eékún tó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá láti dúró níwájú àgbàlagbà kó ní, "Kí lorúkọ yín?" Ìyá mi ìbá là mí létí. Bí mo bá ti pe ènìyàn ní Mummy, mo ti pè é tán. Ó dà bí ẹni pé mo ti fún un ní gbogbo ohun tó yẹ.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni ilé. Wọ́n ní àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ayálégbé kan fún ìkejì. Mo lọ sí ọjà Beresford Square, ní Woolwich, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Mummy.

"Mama?" ló wí. "Mama ni mo mọ̀ wọ́n sí o. Ṣé kò sí nǹkan?"

Nígbà tí mo tún fi máa padà sílé ìwòsàn, n kò rí ọmọbìnrin ọjọ́sí. Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá, ìbéèrè kan náà ló sì bi mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo rí irin lójú ilẹ̀kùn Mummy. Ẹnìkan ti wá kó ẹrù wọn nígbà tí mo wà lójú títì.

Bọ́ọ̀sì ìdájí ni mò ń wà lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń tún ọ́fíìsì ṣe ló máa ń kún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ Spánííṣì. Mo ti ń gbọ́ wọn lẹ́yìn gíláàsì láti ọdún pípẹ́. Ní ibùdókọ̀ tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àkókò ìlọ tó pé, mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ mi, mo jáde síta, mo fi ìwọ̀nba Spánííṣì tí Mummy kọ́ mi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìyá àgbà kan," ni mo wí. "Ará etíkun. Orúkọ wọn, mi ò mọ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn kúmbíà onígáítà, wọn ò fẹ́ràn ti Mẹ́síkò."

Obìnrin kan ní, "Ta ló fẹ́ràn ti Mẹ́síkò?" Òmíràn tí ó jọ pé ó wá láti Mẹ́síkò dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa kò bá wọn dá sí i. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí irú ilé tí ìyá náà ń gbé, ó ní kí n jẹ́ kí òun béèrè.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo parí iṣẹ́, mo bá a tó ń dúró dè mí ní Beresford Square, fóònù rẹ̀ ní etí. Ó ní, "Ó wà lórí ìlà," ó sì nà án sí mi.

Ohùn ọkùnrin ni. Ọmọ Mummy ni, láti Spéènì. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

"Ta nìyí?"

"Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ìyá yín ní Thamesmead ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyẹn? Láti ìgbà tí mo ti wá mú wọn ní ilé ìwòsàn, tí mo mú wọn wá sí Spéènì, ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. 'Pe ọmọ mi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé.' Mo ní, 'Màmá, kí lorúkọ ẹ̀?' Wọ́n ní, 'Mija.' Mo ní, 'Màmá, gbogbo obìnrin London ni mija!'"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kọjá sì ń wò mí torí omi ti ń dà lójú mi. Mo gbọ́ tí ó ń gbé fóònù lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì.

"Mija," ni Mummy wí. Ohùn wọn ti fẹ́lẹ́. Ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti dínkù sí i. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bi mí lédè wọn, ní jẹ́jẹ́ kí n lè gbọ́ ọ, pé kí lorúkọ mi.

Mo sọ ọ́. Wọ́n tún un pè, wọ́n bà á jẹ́, mo tún un ṣe, wọ́n tún bà á jẹ́ níbòmíràn. Mo wá gbé ọkàn mi le, mo bi wọ́n ní tiwọn. Ojú tì mí bí mo ṣe ń béèrè, bí ẹni pé ìyá mi wà lẹ́yìn mi. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ wọ́n nígbà ìbí àti ti bàbá àti ti ìyá wọn tó tẹ̀ lé e, ó gùn, ó sì dára. N kò ní kọ ọ́ síbí; àwọn ló ni ín. Wọ́n ní kí n pè é. Mo gbìyànjú, ahọ́n mi kọ̀.

"Ó ti yé mi, Mummy," ni mo wí.

Wọ́n bi mí ìgbà tí mo máa wá. Mo ní láìpẹ́. Ọmọ wọn gba fóònù padà, ó ní ó ti rẹ̀ wọ́n, pé kí n máa pè ní Ọjọ́bọ̀ bí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má gùn.

Obìnrin tó ni fóònù na ọwọ́ gbà á. Ó fẹ́ sáré bá bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń lọ kí n tó rántí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo pariwo tẹ̀ lé e, "kí lorúkọ yín?"

Ó yíjú padà láti òdìkejì títì, ó sì dá mi lóhùn, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá láàárín wa ní àkókò yẹn gan-an, n kò gbọ́ ohun tó wí. Mo ní láti tún un béèrè lọ́la, ní ìdájí, kí n tó wa ọkọ̀ kúrò.